Ẹ má pè é ní àsasí mọ́: Oògùn tí wọ́n lò ló ń bó wọn lára!

*Septrin àti Fansidar wà lára àwọn tó máa ń ṣe é
*Ìdí tí ojú fi máa ń fọ́ lẹ́yìn tí ara ti san
*Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kó tó pẹ́ jù

Bẹ́ ẹ bá jáde láàárọ̀ nílùú Ìlọrin, ì báà jẹ́ ní Ọjà-Ọba, ì báà jẹ́ ní Ìpàtà, tàbí lójú ọ̀nà Tànkẹ́ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, ẹ ò ní í rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. "Dókítà" làwọn oníbàárà máa ń pe ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu títa oògùn lásán lonítọ̀hún ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n á dúró níwájú ẹ̀, wọ́n á ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá oògùn ibà pọ̀, gbogbo ara ló ń ro mí." Dókítà á já hóró méjì níbí, á já mẹ́ta lọ́hùn-ún, á dà wọ́n pọ̀ sínú ọ̀rá funfun kékeré, á ní kí wọ́n máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò sí orúkọ kankan lára ọ̀rá yẹn. Oníbàárà náà ò sì ní í béèrè. Ó ti sanwó, ó ti gba oògùn, ó ń sáré lọ sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ ni.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú àwọn hóró inú ọ̀rá yẹn lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ó lè bó awọ ara èèyàn bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná lé e lórí, ó lè fọ́ ọ lójú, ó sì lè rán an lọ sọ́run láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó wá bani nínú jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a fínra, wọn kì í mọ̀ pé oògùn ni. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

BÓ ṢE MÁA Ń BẸ̀RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá oníṣòwò kan ṣe àpèjúwe. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó o, ṣùgbọ́n bí àìsàn náà ṣe máa ń rìn nìyí. Ìyá yìí ń ta ata ní Ìpàtà. Ìgbẹ́ gbuuru ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ta Septrin fún un ní kẹ́míìsì, ó lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, inú ẹ̀ sì balẹ̀. Ó padà sọ́jà, ó gbàgbé pé òun lo oògùn kankan.

Nígbà tó di bí ọjọ́ kẹwàá tó ti gbé hóró àkọ́kọ́ mì, ara ẹ̀ ṣàdédé gbóná. Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, orí ń fọ́ ọ, ojú ẹ̀ méjèèjì ń ta á bíi pé iyẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, ojú yín mà pọ́n o. Ṣé kì í ṣe apòlò?" Ọkọ ẹ̀ ló ń béèrè bẹ́ẹ̀.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Àlájì. Àbí ata tí mo gbé lọ lọ̀ lánàá ló ta sí mi lójú ni?"

Wọ́n gbà pé ibà ni. Àlájì rán ọmọ sí kẹ́míìsì, wọ́n tún ra Fansidar wá. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni Septrin àti Fansidar, pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sọ́fà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Iná ń jó lọ́wọ́, bẹntiróòlù ni wọ́n tún bù sí i.

Lọ́jọ́ kejì, àmì dúdú rúsúrúsú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láyà àti lójú ẹ̀. Kò yún un, dídùn ló ń dùn ún. Kódà, bí bùbá bá kan ara ẹ̀, á figbe ta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ara ti lé ròrò, ìléròrò náà ń bẹ́, awọ sì ń ṣí kúrò lára bí èèpo iṣu sísè. Ètè ẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ọn. Kò lè gbé itọ́ mì. Bó bá fẹ́ tọ̀, ẹkún ni, nítorí pé egbò ti dé ojú ara ẹ̀ náà.

Ìgbà yẹn ni ilé kún. Ẹnì kan ní, "Wọ́n ti nawọ́ sí i lọ́jà o, àsasí lèyí." Òmíràn ní ilẹ̀ gbígbóná ni, kí wọ́n má pariwo. Ẹnì kan gbé àdín dé, ẹlòmíì gbé àgbo dé. Àlùfáà fọ wàláà, wọ́n gbé omi ẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí àdúrà, àdúrà dáa. Àmọ́ láàárín gbogbo rúkèrúdò yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹnikẹ́ni ò béèrè: "Ìyá, oògùn wo lẹ ti lò láti bí oṣù kan sẹ́yìn?"

Ìbéèrè kékeré yẹn ló lè gba ẹ̀mí là.

KÍ LORÚKỌ Ẹ̀?

Àwọn òyìnbó ń pè é ní Stevens-Johnson. Orúkọ dókítà àwọn ọmọdé méjì ni, Albert Stevens àti Frank Johnson, tí wọ́n kọ̀wé lórí ẹ̀ lọ́dún 1922 lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọkùnrin méjì ni wọ́n rí tí ibà mú, tí ẹnu wọn bó, tí ojú wọn sì ń ṣepin. Nígbà tó di 1956, dókítà kan ní ilẹ̀ Scotland, Alan Lyell, ṣàlàyé èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí awọ ara fi máa ń ṣí kúrò bíi ti ẹni tí iná jó. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Tí ibi tó bó kò bá tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ara, ti Stevens-Johnson ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti ju ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ti Lyell nìyẹn. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ti Lyell bá mú, bíi mẹ́ta ló ń bá a lọ, kódà láwọn ìlú tí ilé ìwòsàn ti dáa. Kòkòrò tó ń gba ibi egbò wọnú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń pa ọ̀pọ̀ wọn, nítorí pé awọ ni ìlẹ̀kùn ara, ìlẹ̀kùn sì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Báwo ni oògùn tó yẹ kó woni sàn ṣe wá ń bóni lára? Ẹ wò ó báyìí. Ọlọ́run fi àwọn sójà sínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, tí wọ́n ń bá àìsàn jà. Lára àwọn kan, tí oògùn kan bá wọlé, ojú àwọn sójà wọ̀nyí á dàrú, wọ́n á rò pé awọ ara onílé gan-an ni ọ̀tá. Ó dà bí ẹni tó ké sí ọlọ́pàá pé kí wọ́n wá mú olè, tí wọ́n wá dojú ìbọn kọ onílé. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn ayédèrú. Ojúlówó oògùn tó ní nọ́ńbà NAFDAC lè ṣe é. Kì í sì í ṣe pé èèyàn lò ó jù, ìwọ̀n tó yẹ gan-an lè ṣe é. Ohun tí wọ́n bí mọ́ ẹlòmíì nínú ẹ̀jẹ̀ ni, kò sì hàn lójú.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tan yín pé ilẹ̀ gbígbóná ni. Ọdún 1970 ni Nàìjíríà ti rí èyí tó kẹ́yìn nínú ṣọ̀pọ̀ná, ọdún 1980 sì ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó ti tán pátápátá láyé.

ÀWỌN OÒGÙN TÓ MÁA Ń ṢE É

Oògùn tó lè fà á pọ̀, àmọ́ àwọn kan wà tí orúkọ wọn máa ń jáde ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn oògùn sọ́fà ló ṣáájú, ìyẹn Septrin àti Fansidar. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn oògùn wárápá: carbamazepine tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Tegretol, phenytoin, phenobarbitone àti lamotrigine. Nevirapine tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ní kòkòrò HIV náà wà níbẹ̀. Allopurinol tún wà, ìyẹn oògùn àwọn tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn máa ń wú tó sì ń ta wọ́n bí iná. Ẹ má gbàgbé piroxicam, tí wọ́n ń pè ní Feldene, táwọn èèyàn ń rà fún oríkèé ríro bí ẹni ra gúgúrú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán. Lọ́dún 2013, àwọn oníṣègùn awọ ara láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin nílẹ̀ Áfíríkà, tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ tó múlé tì wá wà lára wọn, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn aláìsàn 177 tí nǹkan yìí ṣe. Àwọn oògùn sọ́fà ló pọ̀ jù nínú ohun tó fà á. Nevirapine náà wà lára àwọn tó pọ̀ níbẹ̀.

Ti Fansidar, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Lọ́dún 1985, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ fáwọn ará ìlú wọn tó ń rìnrìn àjò wá sílẹ̀ ibà, lẹ́yìn tí awọ ara bó lára àwọn kan tó ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, táwọn kan sì kú. Ní Kenya, lọ́dún 1991, àwọn oníṣègùn kéde pé oògùn ikọ́ ife kan, thiacetazone, ń bó awọ lára àwọn tó ní HIV. WHO wá ní kí wọ́n má fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ní HIV ló yẹ kó fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn jù. Ewu ẹ̀ lára wọn tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ Septrin wà lára oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún wọn.

Àmọ́ ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí ju oògùn ẹ̀ nù. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n. Nínú mílíọ̀nù kan èèyàn, àwọn tó ń mú lọ́dún kan kì í pé mẹ́wàá. Ẹni tó ní wárápá tó dédé pa oògùn tì, gìrì lè pa á lọ́jọ́ kejì. Aláboyún tí nọ́ọ̀sì fún ní Fansidar ní kílíníìkì, àǹfààní ẹ̀ fún òun àti ọmọ inú ẹ̀ pọ̀ ju ewu ẹ̀ lọ. Ẹni tí sọ́fà ti yọ lẹ́nu rí nìkan ló gbọ́dọ̀ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ká máa sá fún oògùn, ká mọ àmì ẹ̀ ni.

KÒ MỌ ỌLỌ́LÁ

Bẹ́ ẹ bá rò pé tálákà nìkan ni, ẹ gbọ́ ti Manute Bol. Ọmọ Sudan ni, ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì méje ló ga, ó sì gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí òkìkí ẹ̀ fi kan káàkiri. Àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ló sọ pé oògùn kíndìnrín tí wọ́n fún un nígbà tó wá sílẹ̀ Áfíríkà ló bó o lára. Ẹnu ẹ̀ bó débi pé kò lè jẹun. Ní June 19, ọdún 2010, àìsàn kíndìnrín àti Stevens-Johnson pa á nílé ìwòsàn kan ní Virginia. Ẹni ọdún 47 ni.

Ti Anuradha Saha tún yàtọ̀. Ọmọ Íńdíà tó ń gbé Amẹ́ríkà ni, dókítà sì ni ọkọ ẹ̀, Kunal Saha. Wọ́n lọ kí àwọn èèyàn wọn nílé lọ́dún 1998, nǹkan sú sí i lára. Dókítà tó rí i níbẹ̀ ní kí wọ́n máa gún un lábẹ́rẹ́ kan tó lágbára lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ohun tí kò yẹ rárá. Àìsàn Lyell ni. Kó tó di pé oṣù May ọdún náà parí, ìyàwó ti kú. Ọkọ gbé ẹjọ́ náà títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà. Lọ́dún 2013, wọ́n ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú tó lé ní mílíọ̀nù 59 rúpì fún un. Owó ńlá ni, àmọ́ owó ò lè jí òkú. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ara bá ti ń bó, kì í ṣe àsìkò tí èèyàn ń da abẹ́rẹ́ lé abẹ́rẹ́.

ARA YÍYÚN Ọ̀HÚN LÓ TÀN WÁ JẸ

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Ìlọrin ló rántí chloroquine. Kí ìjọba àpapọ̀ tó pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún 2005, òun ni gbogbo ayé ń lò fún ibà. Bí èèyàn bá ti lò ó, ara á máa yún un kíkankíkan. Àwọn kan á fi kóòmù họra, àwọn kan á máa fi ara ha ògiri títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ kẹta, á lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó mọ́ wa lára pé bí oògùn bá daniláàmú lára, ká fara dà á.

Òmíràn tún wà, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí onítọ̀hún bá lo Septrin tàbí Fansidar, ojú kan náà ló máa ń dúdú roboto, bóyá létè, bóyá lójú ara. Àwọn ọkọ kan ti torí ẹ̀ bá ìyàwó jà, pé níbo ló ti kó o. Ìyẹn kì í sábà pani, àmọ́ ìkìlọ̀ ni pé oògùn yẹn ò bá ara wí.

Ìyàtọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ dì mú nìyí. Èyí tó bá kàn ń yún, ewu ẹ̀ sábà máa ń kéré. Àmọ́ èyí tó bá ń dunni, tí ibà tẹ̀ lé e, tí ẹnu ń bó, tí ojú ń ta, tàbí tí ara ń lé ròrò, ẹ sáré ni o. Lára àwa adúláwọ̀, kì í pupa bó ṣe máa ń pupa lára òyìnbó, dúdú ló máa ń dú. Ó sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn ti lè tán nígbà yẹn.

OHUN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ ṢE

Àkọ́kọ́, ẹ dá oògùn yẹn dúró lójú ẹsẹ̀. Bí wárápá tàbí HIV bá ni wọ́n torí ẹ̀ fún yín, dókítà á wá òmíràn dípò ẹ̀, àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ bá a. Bí wọ́n bá ṣe tètè dáwọ́ ẹ̀ dúró sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ṣe máa ń yè sí.

Èkejì, ẹ má tún lo oògùn mìíràn lé e. Ẹ má fi àdín, òrí, àgbo tàbí epo ra egbò náà. Bí ẹni tí iná jó ni kẹ́ ẹ ṣe tọ́jú ẹ̀: aṣọ mímọ́, ọwọ́ mímọ́, kẹ́ ẹ má bẹ́ ìléròrò.

Ẹ̀kẹta, ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Irú UITH tó wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, níbi tí oríṣìíríṣìí dókítà ti lè pawọ́ pọ̀ tọ́jú aláìsàn kan. Wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á tọ́jú egbò ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ pé kí dókítà ojú wá yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ kìíní. Ìpéǹpéjú máa ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, irun ojú á yí sínú, á máa ha ẹyinjú. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi máa ń yè é, tí ara á san, tí ojú á wá fọ́.

Ẹ̀kẹrin, gbogbo páálí oògùn àti ọ̀rá tó bá kù, ẹ kó wọn dání. Ẹ mẹ́nu ba àgbo náà, ẹ má fi pa mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tó bá yè é kò gbọ́dọ̀ fojú kan oògùn yẹn mọ́ títí ayé. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù, ẹ sọ fún ọkọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, ó yẹ kó sá. Ẹni tí Septrin bó lára, kó sá fún Fansidar náà.

Ẹ̀kẹfà, ẹ jẹ́ kí NAFDAC gbọ́. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ní ibi tí wọ́n ń kó irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jọ, tí wọ́n sì ń bá àgbáyé pín in. Dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn, títí kan aláìsàn fúnra ẹ̀, ló lè fẹjọ́ sùn wọ́n.

Ní ti ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òfin ò fún yín láyè láti máa ta oògùn tó yẹ kí dókítà kọ. Bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ ta èyí tí òfin gbà, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sára ọ̀rá. Kẹ́ ẹ tó já hóró kan, ẹ bi oníbàárà léèrè pé, "Ìyá mi, ṣé oògùn kan wà tó máa ń yọ yín lẹ́nu?" Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra oògùn náà, ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn èèyàn tó ń bèèrè ibi tí wọ́n ti mú adìẹ tí wọ́n fẹ́ sè, ṣé oògùn tó ń lọ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọn ò ní í bèèrè orúkọ ẹ̀? Àìtètè mólè, olè á mólóko. Lọ́jọ́ tí ara bá ṣàdédé ń bó, kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó ṣe é lọ sílé àjẹ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ìrọ̀rí wò. Ọ̀rá oògùn tí kò lórúkọ ọ̀hún lè wà níbẹ̀.